Ọkọ̀ Oníná Mànàmáná ní Ṣómólú àti Bàrígà: Ibi Tí Ọ̀rọ̀ Ti Ṣẹ̀ Wá

Kí àwọn àlejò wa tó bẹ̀rẹ̀ àsọyé, ó yẹ kí á kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ wò, kí á lè mọ ibi tí ó ti ṣẹ̀ wá. Kókó ọ̀rọ̀ ti òní ni ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí ń lo iná mànàmáná dípò epo bẹntiróòlù. Bí ará Ṣómólú tàbí ará Bàrígà bá ra irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lónìí, báwo ni yóò ti máa bá a gbé? Níbo ni yóò ti máa rí iná fún un? Ta ni yóò máa tún un ṣe? Àǹfààní wo sì ni yóò jẹ́ fún aládùúgbò rẹ̀ tí kò ní ju ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì lọ?

Ọ̀pọ̀ ni ó rò pé ìbéèrè nípa ọkọ̀ ni èyí. Ṣùgbọ́n bí a bá tú ìtàn rẹ̀ palẹ̀, a ó rí i pé ìbéèrè nípa iná ni. Ilé là ń wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹ jẹ́ kí á wo ilé náà.

Ohun Àtijọ́ Tí Ó Padà Wá

Ọkọ̀ oníná kì í ṣe ọmọ àná. Ní 1859, ọmọ ilẹ̀ Faransé kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Gaston Planté ṣe bátìrì olójé àkọ́kọ́ tí ó ṣeé tún fi iná sí nígbà tí ó bá tán. Ní ọdún kan náà, ní oṣù kẹfà, àlùfáà Babington Macaulay ṣí ilé-ẹ̀kọ́ CMS Grammar School ní ìlú Èkó. Nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ náà pé ọgọ́rùn-ún ọdún, ní 1959, ó kó kúrò ní Erékùṣù, ó sì wá fi ìdí kalẹ̀ sí Bàrígà, níbi tí ó wà títí di òní. Bátìrì Planté náà ti dé Bàrígà. Irú rẹ̀ ni ó wà nínú dáńfó tí ń kérò lọ sí Yábàá, òun náà ni ọ̀pọ̀ ìdílé tò sí ẹ̀gbẹ́ ògiri fún ínfátà. Ohun tí a ń pè ní ìmọ̀ òyìnbó tuntun ti wà nínú ilé wa láti ọjọ́ pípẹ́.

Ní 1881, Camille Faure mú kí bátìrì yìí lè gba iná púpọ̀ sí i. Ní ọdún náà gan-an, Gustave Trouvé gun kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta oníná ní ìgboro Párísì. Ní 1897, takisí oníná ti ń gbé èrò ní New York. Ní 1899, ọmọ ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù kan, Camille Jenatzy, wa ọkọ̀ oníná tí eré rẹ̀ kọjá ọgọ́rùn-ún kìlómítà ní wákàtí kan. Kò sí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kankan, yálà ti epo tàbí ti ooru omi, tí ó sáré tó bẹ́ẹ̀ rí ṣáájú rẹ̀.

Kí ni ó wá dé tí ọkọ̀ elépo fi gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀? Ìdí mẹ́ta ni a lè tọ́ka sí. Àkọ́kọ́ ni iye owó, nítorí pé láti 1908 ni Henry Ford ti bẹ̀rẹ̀ sí í ta ọkọ̀ Model T, tí owó rẹ̀ sì ń wálẹ̀ bí ó ti ń ṣe púpọ̀ sí i. Èkejì ni pé ní 1912, ẹ̀rọ tí Charles Kettering ṣe bọ́ sínú ọkọ̀ Cadillac, a kò sì ní láti máa fi ọwọ́ yí irin níwájú ẹ́ńjìnnì mọ́ kí ó tó gbéra. Ìdí kẹta ni ó kàn wá jù: epo ṣeé rọ sínú garawa gbé dé ìgbèríko, ṣùgbọ́n iná mànàmáná kò kọjá ibi tí wáyà bá dé. Ọkọ̀ oníná jẹ́ ọkọ̀ ìlú tí iná rẹ̀ dúró ṣinṣin. Níbi tí iná kò bá ti dúró, òun náà kò lè rìn.

Ohun tí ó gbé e padà dé ni bátìrì lítíọ́ọ̀mù, tí ilé-iṣẹ́ Sony kọ́kọ́ gbé sọ́jà ní 1991, tí ó fúyẹ́ ju ti olójé lọ jìnnà. Iṣẹ́ yìí ni ó mú kí John Goodenough, Stanley Whittingham àti Akira Yoshino gba ẹ̀bùn Nobel ní 2019. Ọmọ Nàìjíríà náà kò gbẹ́yìn nínú ìpadàbọ̀ yìí. Jelani Aliyu, ọmọ Sókótó, wà lára àwọn tí ó ya àwòrán ìrísí Chevrolet Volt, ọkọ̀ alábọ́ọ́dé tí ń lo iná àti epo, tí ó jáde sọ́jà ní Amẹ́ríkà ní 2010. Òun náà ni ó wá padà sílé láti darí àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ń bójú tó ṣíṣe ọkọ̀.

Iná Dé Èkó

Ní 1896 ni iná mànàmáná kọ́kọ́ tàn ní Èkó. Gbogbo agbára ẹ̀rọ tí a fi bẹ̀rẹ̀ kò ju 60 kílówáàtì lọ. Ẹ jẹ́ kí á fi ojú inú wo iye yìí dáadáa. Ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ oníná òde òní tí a mọ̀ ní Èkó ní bátìrì tí ń gba yúníìtì 64. Bí a bá gba gbogbo iná tí Èkó ní ní 1896, tí a sì fi í fún ọkọ̀ kan ṣoṣo yìí, yóò lé ní wákàtí kan kí ó tó kún. Gbogbo fìtílà tí ó wà lójú títì ì bá sì kú títí ọkọ̀ náà yóò fi yó.

Nígbà tí àwọn ìlú ńlá ní Yúróòpù ń fi iná wa ọkọ̀ ojú irin ìgboro, ti Èkó, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1902, ooru omi ni ó ń lò títí ó fi kógbá wọlé ní 1933. Láti 1951, ECN ni ó gba iṣẹ́ iná. Ní 1972 ó di NEPA, ní 2005 ó di PHCN, nígbà tí ó sì di oṣù kọkànlá 2013, wọ́n pín in fún àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni. Ṣómólú àti Bàrígà bọ́ sí ọ̀dọ̀ Ikeja Electric.

Orúkọ ń yí padà, ṣùgbọ́n ohun tí àwọn ará àdúgbò mọ̀ kò yí padà tó bẹ́ẹ̀. Ní ojúlé kan sí èkejì ní Ṣómólú ni a ti ń gbọ́ ìró ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, nítorí pé ibẹ̀ ni ibùdó àwọn atẹ̀wé ní Èkó. Ìwé ìpè ìgbéyàwó, kàlẹ́ńdà, ìwé ètò ìsìnkú, ìwé ilé-ẹ̀kọ́, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń tẹ̀. Ẹni tí ó bá ti gba iṣẹ́ tí oníbàárà fẹ́ kó ní ọjọ́ Ẹtì kò lè dúró de tiransifọ́mà. Jẹnẹrétọ̀ ni yóò tàn, owó epo yóò sì wọ inú owó ìwé. Àwọn tí kò lágbára jẹnẹrétọ̀ ńlá ra kékeré, èyí tí àwọn ènìyàn fi ṣẹ̀fẹ̀ pé ẹni tí ó ní i sàn ju aládùúgbò rẹ̀ lọ. Báyìí ni olúkúlùkù ṣe di ilé-iṣẹ́ iná fún ara rẹ̀, tí a sì ń mí èéfín sínú láti alẹ́ mọ́jú.

Epo àti Ọkọ̀

Ìtàn ọkọ̀ náà kò yàtọ̀. Ní 1958 ni ìgbìmọ̀ ìlú Èkó dá iṣẹ́ bọ́ọ̀sì tirẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìlú ti ń gbòòrò, tí àwọn ènìyàn ń ya wọ Ṣómólú, Bàrígà, Múṣin àti Agége, bọ́ọ̀sì ìjọba kò tó. Mólùè àti dáńfó ni ó dí àlàfo náà. Owó epo rọ̀bì wọlé ní ọdún 1970 sí 1979, ìjọba sì fi owó kún owó oṣù. Ní 1975 ilé-iṣẹ́ Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní Ọ̀jọ́, ọkọ̀ kékeré oníkùn tí a ń pè ní Ìjàpá sì di ohun àmúyangàn fún tíṣà àti akọ̀wé. Ọkọ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé ní 1977, ìjọba pàṣẹ pé kí àwọn ọkọ̀ pín ọjọ́ mọ́ ara wọn lọ́wọ́ gẹ́gẹ́ bí nọ́ḿbà wọn bá ti rí. Kí ni àwọn olówó ṣe? Wọ́n ra ọkọ̀ kejì tí nọ́ḿbà rẹ̀ yàtọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí pé a ó tún fi àbọ̀ bá a.

Ohun tí ó gbé gbogbo èyí ró ni pé epo kò wọ́n. Ní 1978, lítà kan bẹntiróòlù kò ju kọ́bọ̀ 15 àti díẹ̀ lọ. Ní 1986 ó di kọ́bọ̀ 39 àti ààbọ̀. Ní oṣù kìn-ín-ní 2012, nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ epo, tí lítà kan sì di ₦141, àwọn ènìyàn tú jáde sí Ọ̀jọ́tà, ní ojú ọ̀nà Ìkòròdú tí ó ti ẹ̀gbẹ́ Ṣómólú kọjá, títí ìjọba fi dá a padà sí ₦97. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún 2023, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé owó ìrànwọ́ epo ti lọ. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, lítà kan ti fò kọjá ₦480 ní Èkó. Ọjọ́ náà gan-an ni ọ̀pọ̀ ènìyàn tí kò ka ọkọ̀ oníná sí tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè rẹ̀.

Ọkọ̀ náà ti dé ṣáájú ọjọ́ yìí. Ní ìparí 2020, ilé-iṣẹ́ Stallion fi Hyundai Kona oníná han Gómìnà Babájídé Sanwó-Olú ní Èkó. Iye tí wọ́n pè é ni mílíọ̀nù 24 náírà. Owó oṣù tí ó kéré jù lọ tí òfin fi ọwọ́ sí nígbà náà ni ₦30,000. Ẹni tí ń gba iye yìí yóò kó gbogbo owó oṣù rẹ̀ jọ fún oṣù 800, èyí tí í ṣe ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin àti oṣù mẹ́jọ, láìjẹ, láìmu, kí ó tó ra ọ̀kan. Ní 2021, àjọ tí Jelani Aliyu ń darí gbé ibùdó tí a ti ń fi agbára oòrùn ṣáàjì ọkọ̀ kalẹ̀ sí Yunifásítì Èkó ní Akọkà. Láti ẹnu ọ̀nà yunifásítì náà, ẹsẹ̀ ni ènìyàn lè fi rìn dé Bàrígà.

Bíbá Ọkọ̀ Oníná Gbé

Ẹ jẹ́ kí á wá gbé ọkọ̀ náà wọ àdúgbò, kí á wo bí yóò ti rí lójoojúmọ́.

Àǹfààní rẹ̀ kò kéré. Kò ní ẹ́ńjìnnì elépo, nítorí náà kò sí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì láti pàrọ̀, kò sí pílọ́ọ̀gì, kò sí páìpù èéfín tí yóò bẹ́. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ojú ọ̀nà Ìkòròdú, níbi tí ọkọ̀ elépo ti ń jó epo nídùúró, ọkọ̀ oníná kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ nǹkan kan àfi bí awakọ̀ bá tan ẹ̀rọ amúlétutù. Nígbà tí awakọ̀ bá sì tẹ bíréèkì, mọ́tò rẹ̀ máa ń dá díẹ̀ lára iná náà padà sínú bátìrì. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tí ó jẹ́ ọ̀tá ọkọ̀ elépo kò lè ṣe é tó bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ilẹ̀ yóò ṣú, ọkọ̀ yóò sì padà wálé. Ní ilé olójúlé púpọ̀ tí a ń pè ní fés-mì-àì-fés-yú, ìdílé mẹ́wàá lè máa lo mítà kan ṣoṣo, tí wọ́n jọ ń dá owó iná. Ìjà lórí ẹni tí ó ní fíríìjì àti ẹni tí ó ń fi ayọ́ọ̀nù lọ aṣọ kò tíì tán. Ta ni yóò wá fa wáyà láti ojú fèrèsé sọ́dọ̀ọ́dẹ̀ fún ọkọ̀? Sọ́kẹ́ẹ̀tì inú ilé lásán ń gbé bí ìwọ̀n kílówáàtì 2.3 jáde. Bátìrì yúníìtì 64 yóò gba nǹkan bíi wákàtí méjìdínlọ́gbọ̀n kí ó tó kún láti òfìfo, bí iná kò bá lọ rárá. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kò tó kílówáàtì kan, kò lè gbé e. Bí a bá sì lo jẹnẹrétọ̀ ńlá, a kàn kó èéfín kúrò ní ìdí ọkọ̀ lọ sí ẹ̀yìnkùlé ni.

Òótọ́ ni pé kì í ṣe ojoojúmọ́ ni bátìrì ń tán pátápátá. Ẹni tí ń lọ láti Bàrígà sí Erékùṣù, tí ó gba orí afárá Third Mainland tí a ṣí ní 1990, tí ó sì padà, kò ní rìn ju ìwọ̀n 30 sí 40 kìlómítà lọ. Wákàtí mẹ́rin iná tí ó dúró lè tó fún un láti dá ohun tí ó lò padà. Nítorí náà kì í ṣe bí iná ti pọ̀ tó nìkan ni ó ṣe pàtàkì, bí kò ṣe pé kí ènìyàn mọ ìgbà tí yóò dé.

Owó ńkọ́? Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹrin 2024, àwọn oníbàárà iná tí ó wà ní ọ̀wọ́ kìn-ín-ní, tí a ṣèlérí iná ogún wákàtí lójúmọ́ fún, bẹ̀rẹ̀ sí í san ₦225 lórí yúníìtì kan, dípò nǹkan bíi ₦68. Ní iye yìí, yúníìtì 64 yóò jẹ́ ₦14,400. Bí ọkọ̀ náà bá fi í rin 400 kìlómítà, tí ọkọ̀ elépo sì ń fi lítà kan rin kìlómítà mẹ́wàá, lítà 40 ni elépo yóò jẹ. Bí a bá fi ₦900 ka lítà kan, ó di ₦36,000. Ẹ rí i pé ẹni tí ó bá ti lówó láti ra ọkọ̀ oníná, tí ó sì ń gbé ibi tí iná ti dúró, yóò máa jèrè lójoojúmọ́. Ẹni tí kò ní méjèèjì yóò máa san owó epo. Ọ̀rọ̀ 1977 ni ó tún padà wá yìí: àǹfààní tí a rò pé ó wà fún gbogbo ìlú bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí ó lè ra ọkọ̀ kejì.

Ta Ni Kí Iná Kọ́kọ́ Gbé?

Níhìn-ín ni èmi yóò ti sọ èrò tèmi, kí àwọn àlejò wa lè tako ó tàbí kí wọ́n gbè é lẹ́yìn. Ní ilẹ̀ bíi Ṣómólú àti Bàrígà, ọkọ̀ ẹnìkan kọ́ ni ó yẹ kí iná kọ́kọ́ wọ̀, bí kò ṣe ọkọ̀ tí ń gbé ọ̀pọ̀ ènìyàn àti èyí tí ènìyàn fi ń wá oúnjẹ òòjọ́.

Àpẹẹrẹ wà nílẹ̀. Ní oṣù karùn-ún 2023, LAMATA ti Ìpínlẹ̀ Èkó àti ilé-iṣẹ́ Oando Clean Energy gbé bọ́ọ̀sì oníná méjì jáde fún ìdánwò. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, ọkọ̀ ojú irin oníná bẹ̀rẹ̀ sí í kérò láàárín Marínà àti Mile 2. Òṣìṣẹ́ tí kò ní lè ra Kona láéláé lè fi owó péréte jókòó nínú ọkọ̀ oníná. Láti 2008 ni bọ́ọ̀sì BRT ti ní ojú ọ̀nà tirẹ̀ ní ọ̀nà Ìkòròdú, tí ó ń kọjá ní Fádèyí, Palmgrove àti Onípánù. Bọ́ọ̀sì tí ń padà sí ibùdó kan náà lálaalẹ́ ni ó rọrùn jù láti fi iná sí, nítorí pé ibùdó kan ni a ó pèsè iná fún, kì í ṣe ẹgbẹ̀rún ojúlé.

Èkejì ni ti ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ Márúwá. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹsàn-án 2022, ìjọba Èkó fòfin de ọ̀kadà ní Ṣómólú, Kòsọ́fẹ́, Múṣin àti Ọ̀ṣòdì-Ìsọlọ̀, Bàrígà sì wà lára ibi tí òfin náà kàn. Ààbò ni ìdí tí ìjọba sọ, a kò sì lè fi ọwọ́ rọ́ ọ̀rọ̀ ààbò sẹ́yìn. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́kùnrin ni iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọdún kan náà, ní ilẹ̀ Benin àti Togo, ilé-iṣẹ́ tí a wá mọ̀ sí Spiro gbé alùpùpù oníná dé ọwọ́ àwọn tí ń gbé èrò. Ẹni tí bátìrì rẹ̀ bá tán yóò yà sí ibùdó, yóò yọ òfìfo, yóò fi èyí tí ó kún sí i, yóò sì máa lọ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Kò ní mítà, kò ní wáyà, kò bá onílé jà. Bí iná bá lọ ní ilé rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ kò dúró. Ohun tí kẹ̀kẹ́ Márúwá nílò ní òpópónà Bàrígà nìyí.

Ẹ̀kẹta ni ti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́. Ọkọ̀ tí kò lo ọ́ìlì, tí kò ní pílọ́ọ̀gì, yóò gba oúnjẹ lẹ́nu mẹkáníìkì bí a kò bá tètè kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n bátìrì àti wáyà kò ṣàjèjì sí riwáyà ẹ̀gbẹ́ títì. Ohun tí ó ṣàjèjì ni agbára iná inú ọkọ̀ wọ̀nyí, tí ó lè pa ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà bí a bá fi ọwọ́ lásán kàn án. Ọmọ iṣẹ́ tí ń kọ́ riwáyà lónìí ní Ṣómólú yẹ kí ó kọ́ èyí kí ó tó gba ìdáǹdè. Yunifásítì wà ní Akọkà, kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀rọ wà ní Yábàá. Ọ̀nà tí ó wà láàárín wọn àti ṣọ́ọ̀bù riwáyà kò jìn rárá, ẹni tí yóò là á ni a ń wá.

Láti 1896 títí di òní, ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ni ìtàn yìí ń kọ́ wa. Kò sí ìgbà tí nǹkan tuntun kò dé Èkó. Ohun tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé ó máa ń dúró ní Marínà, tí àwọn ará òkè odò yóò sì máa fi jẹnẹrétọ̀, dáńfó àti ọgbọ́n orí dí àlàfo tí ó kù. Bí ọkọ̀ oníná bá tún gba ọ̀nà kan náà, yóò dé Bàrígà ní tòkunbọ̀ tí bátìrì rẹ̀ ti gbó. Bí ó bá gba ọ̀nà ibùdó bọ́ọ̀sì àti ibi ìpàrọ̀ bátìrì, obìnrin tí ń gbé ẹja láti etí ọ̀sà lọ sí ọjà yóò gùn ún kí ọlọ́lá tó rà á.

Ẹ̀yin òǹwòran wa, ibi tí ìtàn mọ nìyí. Ẹ jẹ́ kí á wá gbọ́ ohun tí àwọn àlejò wa yóò wí sí i.